Àjẹkù Inú Ìdérí Ife

Tábìlì ní kí Àwẹ̀ró dúró, ó sì dúró, ṣíbí há sí agbedeméjì ife àti ẹnu rẹ̀ bí ẹyẹ tí kò mọ ẹ̀ka tí yóò bà lé.

"Ẹ rọra jẹun, Màmá," ni Tábìlì wí, pẹ̀lú ohùn ọmọbìnrin tí ebi ò pa rí. "Ẹ rún un títí yóò fi di omi. Ó ku ìṣẹ́jú kan."

Àwẹ̀ró rún ẹja ẹnu rẹ̀ ní ogún ìgbà. Ó rún un ní ọgbọ̀n. Ó rún un títí ẹja fi gbàgbé pé òun ti jẹ́ ẹja rí, kó tó gbé e mì. Ó wá fọwọ́ lé àyà, ó ń retí ìdáhùn láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn onílé tó máa ń bínú. Onílé ò bínú lónìí. Ó bu ṣíbí mìíràn.

Ní Ilé Ìkọ́fẹ tó wà ní Èbúté Ìwọ̀n, kò sí ẹni tí kì í gbọ́ ti Tábìlì. Iwájú bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ni ọ̀kan wà, funfun, pẹlẹbẹ, ó sì gbọ́n ju ẹni tó ń jẹun lórí rẹ̀ lọ. Gbé ife lé e, ó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bu ṣíbí kan, ó ti kà á. Bí ènìyàn bá dán an wò láti fi omi lé oúnjẹ, yóò ké, nítorí inú tí wọ́n ti gé kù bí ẹyin adìyẹ kò ní àyè àlejò méjì. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí omi tó yọjú. Bí ife bá ṣófo, Tábìlì á ní, "Ife ti mọ́," ọjọ́ kan á sì wọ inú ọjọ́ ẹni. Ọgọ́ta ọjọ́ tí ife mọ́, láìbì í síta, láìjẹ ti ẹlòmíràn, ni òfin ń fẹ́ kí ènìyàn tó wọ ọkọ̀ lọ sí Léfòó.

Léfòó ni ìlú orí omi. Láti ìgbà tí òkun ti gbé etíkun mì, orí àgbá ńláńlá ni wọ́n ń kọ́lé sí, wọ́n á sì kọ ìwọ̀n tí àgbá náà lè gbé sí ojú ilẹ̀kùn. Níbẹ̀, wọn kì í bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Kílò mélòó ni ọ́, ni wọ́n ń bèèrè. Ojú ilẹ̀kùn Bọ́sẹ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ku kílò márùndínláàádọ́rùn-ún fún ìyá. Méjìdínláàádọ́fà ni Àwẹ̀ró gbé wá sí èbúté. Ohun tó lé ni wọ́n ní kó lọ fi abẹ wá nǹkan ṣe sí.

Ó gbà, nítorí Àyọ̀ká. Àyọ̀ká ni ọmọ Bọ́sẹ̀dé, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ìyá àgbà rẹ̀ kò tíì fọwọ́ kàn rí. Inú gíláàsì ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń ríra. Ọmọ náà á fi ètè kan gíláàsì níbẹ̀, Àwẹ̀ró á fi ètè kàn án níbí, tútù á sì pàdé tútù. Títí òpin oṣù ni wọ́n di àyè ìyá náà mú. Bí kò bá dé nígbà náà, ẹlòmíràn tó ń dúró ni yóò gbà á, òun ò sì ní rí òmíràn mọ́ láyé rẹ̀. Ogún ọjọ́ péré ló kù. Ọjọ́ méjìdínláàádọ́ta sì ti mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣíbí méjì ló ṣẹ́kù nínú ife. Àwẹ̀ró wo ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì Oyèfúnkẹ́ ti kọjá. Ó da ṣíbí méjèèjì sínú ìdérí ife, ó gbé ìdérí náà sí etí fèrèsé, ó sì dá ife tó ti ṣófo padà sórí Tábìlì.

"Ife ti mọ́," ni Tábìlì wí. "Ẹ kú oúnjẹ, Màmá."

Tábìlì mọ ife; kò mọ ẹnu.

Kì í ṣe olè ló ń jà. Ẹni tí wọ́n bí bí wọ́n ṣe bí i kì í jẹun tán ni. Nílé bàbá rẹ̀ ní òkè, kí ìlú tó pín sí ti omi àti ti ìyàngbẹ ilẹ̀, orí ẹja àti òkèlè mẹ́ta ìkẹyìn kì í ṣe ti àgbà. Àwọn ọmọ á ti tò sẹ́yìn, ọwọ́ lẹ́yìn, bí adìyẹ tó ń retí àgbàdo. Bí bàbá bá ti ṣan ọwọ́, ọmọ tó bá jẹ àjẹkù náà ni yóò gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò lọ fọ̀ ọ́. Ìyá rẹ̀ máa ń kọ ọ́ lórin bó bá ń da ọbẹ̀:

*Fi díẹ̀ sílẹ̀ o, àgbà,*
*Fi díẹ̀ sílẹ̀ fọ́mọ.*
*Ẹni tó jẹ tó láwo,*
*Òun ni yóò rugbá relé.*

Láti ọjọ́ tó ti wọ Ilé Ìkọ́fẹ ni ó ti ń jẹun tán bí ẹni tí kò lẹ́bí. Omi ẹran ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ògì tó ṣàn bí omi ní ìkejì, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ tó kúnná bí àtíkè láti ìkẹta lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìkúnwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ, síbẹ̀ ó máa ń há a lọ́fun, pàápàá ṣíbí tó kẹ́yìn. Bí ẹni ń jí nǹkan ọmọ ló ń rí.

Wọ́n wá gbé Ìbíyẹmí wá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn án.

Ọmọbìnrin náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti wà ní Léfòó, ó ń tún àgbá ṣe, ọdún méjì ni wọ́n sì ti fi ń dúró de àyè tirẹ̀. Bó ṣe dé ló ti kúnlẹ̀ kí Àwẹ̀ró, pẹ̀lú bándéèjì níkùn. Àwẹ̀ró ní kó dìde, kó dìde, ta ló ń kúnlẹ̀ lórí ojú abẹ? Ìbíyẹmí ní nílé àwọn, bí ènìyàn bá tiẹ̀ ń kú lọ, ó gbọ́dọ̀ kí àgbà ná. Inú Àwẹ̀ró dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti rí ọmọ.

Òun ló kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí ìwé kò kọ. Ó ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sí i níkùn nígbà iṣẹ́ abẹ yóò gòkè wá máa gún un léjìká, kó má bẹ̀rù, kó máa rìn. Ó ní irun yóò já, kó fi gèlè bò ó, yóò hù padà. Ó ní ebi kò ní pa á mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ yóò máa sunkún oúnjẹ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, nítorí nǹkan kú lóòótọ́. Ó sì ní kó sá fún ṣúgà bí ẹni ń sá fún ejò. Òun ti fi orí ara òun dán an wò ní ọgbọ̀n ọjọ́, nígbà tí àlejò kan fún òun ní súìtì kan. Inú kékeré kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ṣúgà dúró. Ó jù ú sílẹ̀ wìì, ìfun fa omi ara lọ bá a, àyà ń lù kìkì, òógùn ń dà, ó sì di eré. Àwẹ̀ró ti fi í ṣe orin, ó sì kọ ọ́ fún Ìbíyẹmí, ó ń fi ṣíbí lu Tábìlì títí Tábìlì fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́:

*Súìtì kékeré bí ojú ẹja,*
*Ó ní kí n jó, mo jó.*
*Ó ní kí n làágùn, mo làágùn.*
*Ó ní kí n sáré, mo sáré,*
*Ilé ìyàgbẹ́ ló gbà mí sílẹ̀.*

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, ó ní, "Màmá, ẹ máa já mi lójú abẹ o."

Ọjọ́ kọkànlá ọmọ náà nílé yìí ni àjẹkù bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró wò ó, ó rí i pé ojú rẹ̀ ti jìn, ọrùn rẹ̀ ti yọ egungun, ó sì dá a lójú pé ebi ni. Ó gbé ìdérí ife sí etí fèrèsé tó wà láàárín wọn. Ìbíyẹmí wo ìdérí náà pẹ́. Ó ní, "Màmá, mo ti yó." Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ kì í yó àjẹkù. Ìyẹn náà sì kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá," ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìdérí.

Ẹ̀wà lílọ̀ ni nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni oúnjẹ Àwẹ̀ró kúrò ní lílọ̀, ó di móínmóín, ó di ẹja. Àjẹkù náà ń di ẹja pẹ̀lú rẹ̀. Kò sì rántí ohun tí Nọ́ọ̀sì Oyèfúnkẹ́ sọ fún gbogbo wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ibi tí wọ́n rán fi ń lẹ̀, pé kí ó tó lẹ̀, ṣíbí kan tó lé lè ṣe ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe. Ó rántí, kí á má parọ́. Ṣùgbọ́n àjẹkù kọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Oúnjẹ ló sọ. Lójú Àwẹ̀ró, nǹkan méjì ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, Ìbíyẹmí jẹ ti inú ìdérí tán, ó fọ ìdérí náà, ó dá a padà, ó sì dùbúlẹ̀. Kò pẹ́, ó ní èjìká òsì ń dun òun. Àwẹ̀ró ní afẹ́fẹ́ ni, kó dìde rìn. Ó dìde, ó gbẹ́sẹ̀ méjì, ó jókòó padà. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó gbóná bí àdògán. Ikùn rẹ̀ le bí pákó. Àyà rẹ̀ ń lù bí ti ẹni tó jẹ súìtì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ súìtì.

Àwẹ̀ró pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì Oyèfúnkẹ́ wọlé, ó fọwọ́ kan ikùn náà lẹ́ẹ̀kan, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì onítáyà gbé e sáré lọ. Gèlè rẹ̀ já bọ́ lójú ọ̀nà, irun tó ti já wà nínú rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwẹ̀ró mú un, ó ká a, ó fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí ara rẹ̀.

Ọmọ náà kò kú. Wọ́n la ikùn rẹ̀ padà, wọ́n bá ẹja níbi tí ẹja kò gbọdọ̀ sí, pẹ̀lú awọ rẹ̀, bó ṣe ń jò láti ibi tí wọ́n rán bọ́ sínú ara.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Akọ̀wé Ìwọ̀n dé. Adégbuyì ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún, onírẹ̀lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí Àwẹ̀ró kó tó jókòó. Ìyẹn gan-an ló ba Àwẹ̀ró lẹ́rù. Ì bá rọrùn ká ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ó kọ́kọ́ yin Àwẹ̀ró. Ó ní gbogbo ìwé tí Tábìlì rẹ̀ kọ mọ́ bí omi òjò, àwọn sì fẹ́ máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó ń bọ̀. Ó wá ní òun ti lọ bá Ìbíyẹmí lórí ibùsùn. Ọmọ náà ti jẹ́wọ́. Ó ní ilé ìdáná ni òun ti lọ gbé ẹja, wọ̀bìà ló mú òun, kò sí ẹni tó mọ̀ sí i, Màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun sùn.

"Ohun tó kù ni kí ẹ bá mi jẹ́rìí sí i," ni Adégbuyì wí. "Ṣé ẹ sùn lóòótọ́, Màmá?"

Àwẹ̀ró bi í pé kí ni wọn yóò ṣe fún ọmọ náà. Ó ní ohun tí òfin sọ ni. Ẹni tí wọ̀bìà bá já lójú rírán, wọn á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọn á dá a padà sí òkè, kò sì ní tún bèèrè àyè mọ́. Wọ́n á fún ọkọ rẹ̀ láàyè láti mú ẹlòmíràn wá sínú ìwọ̀n náà. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Bí ẹni ń ka iye ọjọ́ inú oṣù ló ṣe sọ ọ́.

Àwẹ̀ró wo ọwọ́ ara rẹ̀. Awọ apá rẹ̀ ti tú, ó ń mì bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó ní, "Bí àgbà kan bá wá fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú oúnjẹ tirẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀?"

Adégbuyì gbé ojú sókè. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀. Bóyá ó ti mọ̀. Òun náà á ti jẹ orí ẹja bàbá rẹ̀ rí.

"Màmá," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ìwé mi. Ó jẹ ẹ́, tàbí kò jẹ ẹ́. Kò sí ìkẹta. Ẹni tí kò bá jẹ ti inú ife rẹ̀ tán, gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ni a ó pa rẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Mo sì ti rí i pé àyè yín kò ju òpin oṣù lọ." Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn bí ẹni tí kò gbọ́ ohunkóhun. "Ṣé ẹ sùn?"

Òde ń dán. Láti ojú fèrèsé, ènìyàn lè rí Léfòó lókèèrè, bó ṣe rọra ń gòkè tó ń sọ̀ pẹ̀lú omi, bí àyà ẹni tó ń sùn. Ìdérí ife wà ní etí fèrèsé náà, ó mọ́ tónítóní, bí Ìbíyẹmí ṣe fọ̀ ọ́.

"Mo sùn," ni Àwẹ̀ró wí.

Adégbuyì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ méjìlá tó kù mọ́. Àwẹ̀ró ń jẹ ife rẹ̀ tán, Tábìlì ń kí i. Nígbà tó ku ọ̀la kí ó wọ ọkọ̀, ó mú gèlè tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì lọ sí yàrá àwọn tí wọ́n ń dá padà.

Ìbíyẹmí dùbúlẹ̀. Rọ́bà kan wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, oúnjẹ funfun ń kán gba inú rẹ̀ wọlé, kò kọjá ẹnu, kò kan ahọ́n. Ó rí Àwẹ̀ró, ó gbìyànjú láti dìde kí i. Àwẹ̀ró ní kó má dìde. Ó tẹ́ gèlè náà sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹ fẹ́ kí èèwọ̀ ìyẹn náà tún kún ẹrù mi?"

Àwẹ̀ró dìde. Ó bi í pé kí ló dé tó fi ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ náà ní kí lòun ì bá sọ? Kí òun na ìka sí ìyá òun níwájú àwọn aláṣẹ? Rọ́bà ń kán. Ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò le, kò sì rọ̀.

"Láti ọjọ́ kìíní ni ó ti ń dùn mí, Màmá. Gbogbo ìgbà tí mo bá jẹ ẹ́. Mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ ọ́ fún ìyá."

Orin kún inú Àwẹ̀ró gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò sí ìgbà tí ojú ń pọ́n ọn tí orin kì í wá. Ó la ẹnu. Kò rí èyí tó ṣeé kọ.

Bọ́sẹ̀dé ló wá pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Léfòó. Wọ́n gbé e lé ìwọ̀n, ìwọ̀n ní ó yẹ, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìyá àti ọmọ dì mọ́ra, Bọ́sẹ̀dé ń wá ara ìyá rẹ̀ tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò bá a. Àyọ̀ká dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbóná. Kì í ṣe gíláàsì. Ohun tó tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn, ó sì dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Bọ́sẹ̀dé ti se móínmóín ẹlẹ́ja tó rọ̀. Ó bù ú sínú ife, ó gbé e ka orí Tábìlì ilé, nítorí gbogbo ilé Léfòó ló ní Tábìlì tirẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó, ó ń rún un, ó ń dúró, ó ń rún un. Nígbà tó gbójú sókè, Àyọ̀ká ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Kò sọ̀rọ̀. Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín láti ìdí iná, ó ní, "Mo ti kọ́ ọ, Màmá, gbogbo bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó ti ń retí yín láti àárọ̀."

Ṣíbí méjì ló kù nínú ife.

"Ife kò tíì mọ́," ni Tábìlì wí.

Àwẹ̀ró bu ọ̀kan, ó gbé e sẹ́nu. Ọmọ náà ń wo ṣíbí. Ó bu ìkejì. Ó fi ṣíbí ha ìdí ife, ó ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó lá ṣíbí náà níwájú àti lẹ́yìn, ó sì rún gbogbo rẹ̀ títí ó fi di omi, títí kò fi ní adùn kankan mọ́.

"Ife ti mọ́. Ẹ kú oúnjẹ, Màmá."

Àyọ̀ká yọ ọwọ́ kúrò lẹ́yìn. Ó na ọrùn, ó yọjú wo inú ife. Ó wo ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú Bọ́sẹ̀dé.

"Màmá àgbà," ni ọmọ náà wí, "tèmi ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó na ọwọ́ gba ife. Àwẹ̀ró dúró díẹ̀ bóyá wọ́n á gbà á. Ó wá di etí Tábìlì mú, ó dìde, ó mú ife àti ìdérí rẹ̀, ó sì gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, òun nìkan, bí ilẹ̀ ilé náà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.